Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Gbé Etí Mi Sójú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Mo pè é ní ẹjọ́ nítorí pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí mo lè nàka sí. Èmi fúnra mi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé Novara ní Ítálì là ń gbé, èmi, ìyàwó mi, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, ìwé ló gbé mi wá sí Torino. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì níbẹ̀, mo gba máàsítà, lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ manutentore, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó sì ń tún un ṣe, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ńláńlá tẹ irin. Ó ti lé ní ọdún méjìlá báyìí.

Ẹni tí kò dé irú ibẹ̀ rí, báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé ariwo yẹn fún un? Kì í ṣe etí nìkan lẹ ó fi gbọ́ ọ. Eyín yín á gbọ́ ọ. Àyà yín á gbọ́ ọ. Òótọ́ ni pé wọ́n fún wa ní cuffia tí a fi ń bo etí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí i. Èmi a sún cuffia sẹ́yìn, màá gbé etí òsì sún mọ́ ẹ̀rọ náà, màá sì sọ fún wọn pé bíárín báyìí ló fẹ́ jẹ tán. Wọn a tú u, wọn a rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn á máa yìn mí pé etí mi mú!

Etí tí wọ́n ń yìn yẹn gan-an ni mò ń fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni pé àwọn ẹyẹ ò ké mọ́ láàárọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí mo rò ni pé wọ́n ti ṣí kúrò ní àdúgbò wa ni! Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Mò ń gbọ́ ohùn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣé ó yé yín? Wọ́n lè ní kí n gbé nǹkan sí sessanta, ìyẹn ọgọ́ta, èmi á gbé e sí settanta, ìyẹn àádọ́rin. Mo ti ba iṣẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì sọ pé ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí ni kò hàn dáadáa.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Bí ẹnì kan bá bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, màá rẹ́rìn-ín, màá mi orí, màá sọ pé “Certo, certo,” ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń ṣiṣẹ́! Ta ló máa bínú sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i?

Ilé iṣẹ́ wa ní dókítà tó máa ń yẹ etí wa wò lọ́dọọdún. Wọ́n á fi nǹkan bò yín létí, ẹ ó máa tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe é jókòó sí ẹ̀yìn mi díẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì kan wà ní iwájú mi, mo sì ń rí ọwọ́ rẹ̀ nínú gíláàsì náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, èmi náà á tẹ bọ́tìnnì. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá àgbàlagbà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa tí kì í gbọ́ràn. Àwa ọmọdé a máa dúró níwájú wọn, a ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń kí wọn, ẹnu wa á sì máa bú wọn. Bàbá náà á máa dá wa lóhùn pé, “Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ ó dàgbà o.” Wọ́n rò pé à ń kí wọn ni! A ó sá lọ, a ó máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń bú wọn jù. Ẹni tó bá ti ṣe irú ìyẹn rí mọ ohun tí ayé ń fi adití ṣe.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn tí etí wọn ti di. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó sọ lẹ́ẹ̀mejì: “Bàbá Rẹ́nikẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ etí yín wò.” Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé ó ti sọ mí di arúgbó ni. Kò sọ ọ́ mọ́.

Rẹ́nikẹ́ ní tirẹ̀, ibí ni wọ́n bí i sí. Bẹ́ ẹ bá bá a sọ Yorùbá láti àárọ̀ títí di alẹ́, Ítálì ni yóò fi dá yín lóhùn. Bí etí mi ṣe ń di, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àtọmọ náà ń dínkù. Mo ní ó ń kùn sínú, pé ọmọ wo ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú imú? Mo tiẹ̀ ní àìnítìjú ni. Ẹ ò rí èmi náà! Etí ẹni ò gbọ́, a ní ẹnu ọmọ ni kò la.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó bá mi ní ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, mò ń gé àlùbọ́sà, omi sì ń ṣàn nínú síǹkì. Ó sọ nǹkan fún mi. Mo yíjú sí i, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Certo, certo.”

Ó wò mí. Ojú tó fi wò mí ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé. Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni ìyàwó mi wá bá mi. Ó ní kí ló dé tí mo fi fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín? Ó ní ohun tí ọmọ náà wá sọ fún mi ni pé màmá Giulia ti kú. Giulia yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kíláàsì kìíní. Màmá Giulia ti fún ọmọ mi lóúnjẹ nílé wọn láìmọye ìgbà!

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní ọkàn mi ò sí níbẹ̀ ni, pé iṣẹ́ ni mò ń rò. Irọ́ yẹn rọ̀ mí lọ́rùn ju kí n ní mi ò gbọ́.

Ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ ni mo rí ohun ìyanu. Rẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá sí mi! Yorùbá tó ń wọ́lẹ̀ o, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sísàlẹ̀, nígbà mìíràn á ní “ṣé o ti jẹun, Dádì,” ìyàwó mi á ní “ṣé ẹ ti jẹun!” Á tún un sọ. Ó ń dúró sí ẹnu ọ̀nà pè mí. Ó ń wá sí ẹ̀yìn àga mi, á béèrè nǹkan kékeré lọ́wọ́ mi. Èmi náà ń dá a lóhùn. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Padova, mo ní, “Ọmọ mi ti padà sílé o!” Inú mi dùn débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní àkókò yẹn náà ni wọ́n pè wá sí ilé ìwé láti wá bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí ìyàwó mi lè wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé kún fún òbí, ariwo ń lọ sókè sódò. Tíṣà físíìsì wọn, obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bá mi sọ̀rọ̀ gígùn. Mo gbọ́ “fiera,” ìyẹn àfihàn, mo gbọ́ “Torino,” mo gbọ́ “video.” Mo ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ lọ ṣe àfihàn iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní Torino, ilé ìwé púpọ̀ ló fẹ́ pàdé níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọn yóò sì fi gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀, pẹ̀lú àwòrán, fídíò àti ìró. Obìnrin náà dákẹ́, ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ń retí èsì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní certo. Ó gbé ìwé kan fún mi, mo fọwọ́ sí i. Mo rò pé ìwé àṣẹ láti ya fọ́tò ọmọ ni. Ṣé mo kà á? Mi ò kà á. Mo fẹ́ tètè jáde kúrò nínú ariwo yẹn ni.

Ọjọ́ àfihàn náà pé. Sátidé ni. Èmi àti ìyàwó mi wọ rélùwéè lọ sí Torino, Rẹ́nikẹ́ ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣáájú. Mo wọ kóòtù mi tó dára jù. Gbọ̀ngàn ńlá ni, tábìlì tò lọ bẹẹrẹ, kọ̀ǹpútà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ṣe róbọ́ọ̀tì tó ń to ìdérí ìgò. Àwọn kan ya fídíò ẹ̀fọn inú oko ìrẹsì ẹ̀bá Novara, ẹ̀fọn náà tóbi bí ẹyẹ lójú ògiri! Bí mo ṣe ń rìn kiri ni mo rí Beppe, capoturno wa, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá lórí ṣíìfù tí mo wà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà nínú àwọn tó ṣe róbọ́ọ̀tì. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ó wá, kó lè rí ọmọ tèmi náà.

Wọ́n ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí pèpéle, níbi tí ojú fídíò ńlá wà. Nígbà tó kan Rẹ́nikẹ́, mo yọ fóònù mi, mo fẹ́ ká a sílẹ̀. Ojú fídíò tàn. Àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ hàn gbàǹgbà: Quello che sente mio padre. Ohun tí bàbá mi ń gbọ́.

Ẹ̀rín dé sí mi lẹ́nu. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìyàwó mi. Mo rò pé ó fẹ́ sọ bí mo ṣe ń fi etí dá àìsàn ẹ̀rọ mọ̀ ni!

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí pèpéle ló ti kọ sísàlẹ̀ fídíò náà, ẹ ó máa kà á bó ṣe ń lọ. Mo rò pé nítorí àwọn adájọ́ tó fẹ́ yan iṣẹ́ tó dára jù ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé èmi ló kọ ọ́ fún.

Mo kà á pé: “Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo. Mo rò pé bàbá mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọwọ́ tí mo fi di fóònù mú sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé òun ti fi fóònù tẹ ìró oríṣiríṣi nílé, èyí tó rinlẹ̀ àti èyí tó lọ sókè bíi fèrè, òun sì ń kọ èyí tí mo bá yíjú sí àti èyí tí mi ò yíjú sí. Ó ní òun kì í ṣe dókítà, pé ìfojúdá lásán ni. Ó wá ní òun fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn ṣe ń gbọ́ ọ, àti bí bàbá òun ṣe ń gbọ́ ọ. Ìgbì ohùn náà hàn lójú fídíò, àwọ̀ búlúù, ó ń gbọ̀n bí omi. Gbólóhùn Ítálì ni, pé oúnjẹ ti délẹ̀, kí Dádì wá síbi tábìlì.

Ó tẹ ti àkọ́kọ́. Àwọn ènìyàn jókòó jẹ́jẹ́.

Ó tẹ èkejì. Gbogbo gbọ̀ngàn mira! Ẹnì kan gbọ́rùn síwájú. Ọkùnrin kan di ojú pọ̀. Obìnrin tó wà níwájú mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó mi di apá mi mú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fetí sí mi. Létí tèmi, méjèèjì bára wọn mu. Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ọdún méjì tí mo fi ń tan nọ́ọ̀sì, mo rò pé etí mi kàn wúwo díẹ̀ ni. Mi ò mọ bó ṣe tó. Ta ni yóò sọ fún mi? Ẹni tí kò gbọ́ ò kúkú lè gbọ́ ohun tí òun ò gbọ́.

Ó tún ṣí ojú ewé mìíràn. Ó kọ dò, re, mí síbẹ̀. Àwọn ọmọ ibí mọ dò, re, mí nínú orin, ṣùgbọ́n ó ní lédè àwọn òbí òun, ohùn yìí wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an. Ó gbé “Ẹ wá jẹun” síbẹ̀, ó fi ìlà fà á: re, mí, re, re. Ó ní etí bàbá òun ti pàdánù àwọn ìró tó lọ sókè bíi fèrè, irú èyí tó wà nínú s àti t àti f, ṣùgbọ́n orin ọ̀rọ̀ ṣì ń wọlé, nítorí ó rinlẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà yọ àwọn ìró tó lọ sókè kúrò nínú Yorùbá náà bó ṣe ṣe fún Ítálì, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Giulia bọ́ síwájú. Giulia kò gbọ́ Yorùbá kankan, síbẹ̀ ó fi ẹnu kùn ún, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè ó ń bọ̀ sísàlẹ̀ níbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ó wá fi ìwé kan hàn tó kọ àkọsílẹ̀ sí. Ìgbà tó pè mí lédè Ítálì láti ẹ̀yìn. Ìgbà tó pè mí ní Yorùbá. Ìgbà tí mo dáhùn, ìgbà tí mi ò dáhùn. “Ṣé ẹ ti jẹun.” “Ẹ bá mi gbé omi.” “Dádì, òjò ń rọ̀.”

Àṣé ìdánwò ni! Àṣé gbogbo Yorùbá tí mo torí rẹ̀ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú ìwé ló ń kọ ọ́ sí.

Àwọn adájọ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Èyí ò sí lójú fídíò, ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì béèrè pé báwo ló ṣe mọ̀ pé nítorí ohùn ọ̀rọ̀ ni, ṣé kì í ṣe pé Yorùbá ni èdè abínibí mi ni mo ṣe ń yára gbọ́ ọ? Rẹ́nikẹ́ ronú, ó ní, “Mi ò mọ̀. Ẹnì kan péré ni mo lò, bàbá mi sì ni. Mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi tí iṣẹ́ mi kù díẹ̀ káàtó sí nìyẹn.” Obìnrin náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá béèrè pé ṣé bàbá náà mọ̀ sí iṣẹ́ yìí? Ọmọ mi ní, “Ó fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó gbọ́ ohun tó fọwọ́ sí. Ó wà níbí. Bàbá mi nìyẹn.”

Èmi ò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ojú ń wò mí. Beppe náà ń wò mí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń retí.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Mo mi orí. Mo ní, “Certo, certo.”

Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Mo rántí bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí à ń bú tí wọ́n ń súre fún wa. Mo sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ìyàwó mi àti tíṣà físíìsì náà jáde tẹ̀lé mi. Inú bí mi. Mo ní ta ló fún wọn láṣẹ kí wọ́n gbé mi síta fún ayé wò? Tíṣà náà fọ̀, ìyàwó mi dojú kọ mí, ó tún un sọ kedere: “Ó ní òun ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín ní ilé ìwé. Ó ní òun béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹ fẹ́ kí Rẹ́nikẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn yín ṣe iṣẹ́. Ẹ ní certo. Ẹ fọwọ́ sí i.” Lójú ẹsẹ̀ ni ìbínú mi tán. Ẹjọ́ ta ni mo fẹ́ rò nígbà náà?

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wọ rélùwéè padà sílé. Ọmọ náà ò gba ipò kìíní, róbọ́ọ̀tì ló gbà á. Wọ́n fún un ní ìwé ìyìn, ó ká a sínú báàgì. Ó jókòó ní iwájú mi, ó ń wo ìta. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Vercelli kó tó yíjú sí mi. Ó sọ nǹkan. Rélùwéè ń pariwo, mi ò gbọ́.

Ẹ̀rín yẹn ti ń bọ̀ lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, “Rẹ́nikẹ́, mi ò gbọ́ ohun tí o sọ.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ ọ́ fún alààyè ènìyàn. Ó wúwo lẹ́nu mi ju ẹ̀rọ lọ.

Ó dìde, ó wá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi, níbi etí tó ṣì sàn díẹ̀. Ó ní, “Mo ní ṣé inú ń bí yín sí mi?”

Mo ní, “Yorùbá tí ò ń bá mi sọ látọjọ́ yìí, ṣé nítorí ìdánwò náà ni?”

Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. “Ní ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, mo parí ìdánwò, mi ò wá lè dáwọ́ dúró mọ́.” Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń tò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀. “Dádì, tí mo bá sọ Ítálì, ẹ kàn máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Tí mo bá sọ Yorùbá, ẹ máa ń dá mi lóhùn. Mo fẹ́ kí ẹ máa dá mi lóhùn.”

Mo ní, “Ọjọ́ tí o sọ fún mi nípa màmá Giulia, mi ò gbọ́. Ẹ̀rín yẹn, kì í ṣe ẹ̀rín. Dárí jì mí.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀.” Ó gbé orí lé èjìká mi. Ìyàwó mi ń wo ìta, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Lọ́jọ́ Ajé, Beppe mú mi jáde sí àgbàlá, níbi tí ariwo ò dé. Ó dojú kọ mí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí ẹnu rẹ̀. Ó rán mi létí pé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, muletto, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù nínú ilé iṣẹ́, ń fi ẹ̀yìn bọ̀ tó ń ké pìípìí, mi ò kúrò lọ́nà, ọmọ iṣẹ́ kan ló fà mí ní kóòtù. Beppe ní òun rò pé mò ń ṣagídí ni. Ó ní òun fún mi di Ọjọ́rú kí n lọ bá dókítà fúnra mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á lọ sọ ọ́, nítorí òun ò fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn ìyàwó mi láti lọ túfọ̀.

Mo lọ ní ọ̀la rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gíláàsì náà. Dókítà bínú gan-an, ó tọ́ sí mi. Wọ́n yẹ̀ mí wò tọkàntọkàn. Wọn ò lé mi o! Wọ́n gbé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lọ sí ọ́fíìsì tí a ti ń yẹ irin tí wọ́n ti tẹ̀ wò, tí a sì ń ṣètò àtúnṣe. Àárò ẹ̀rọ mi ń sọ mí, mi ò ní sọ pé kò sọ mí. Wọ́n sì sọ fún mi kedere pé ohun tó ti lọ kò ní padà wá. Apparecchio, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kékeré méjì tí mò ń fi sétí yìí ń ràn mí lọ́wọ́ ni, kì í sọ etí di tuntun.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi wọ́n sétí, ariwo ọ̀rá tí wọ́n di búrẹ́dì sí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde nílé! Ohun tó mú mi jókòó ni ohùn Rẹ́nikẹ́. Ó wọlé láti ilé ìwé, ó kí mi, mo wò ó bí àlejò. Ohùn ọmọ kékeré ni mo ti ń gbé kiri lórí mi láti ọdún mélòó kan wá. Ọmọ ti dàgbà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn obìnrin, s rẹ̀ sì ń súfèé díẹ̀ láàárín eyín. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó yí padà, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà la jọ wà.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé, ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní Torino, Padova, Verona, Modena àti ibi gbogbo tí iṣẹ́ gbé wa dé. Ìtìjú tí a fi ń bo àìlera, àwọn tó fẹ́ràn wa ni í kọ́kọ́ ṣe léṣe. Ẹ wọ cuffia yín. Ẹ má tan dókítà. Bí ọmọ bá sì ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe. Ó lè jẹ́ pé ohun tí kò rí ẹnu sọ fún yín ló ń tò síbẹ̀ ní àwòrán àti ìró.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ̀ ń fi pamọ́ fún àwọn ará ilé yín, tí ẹ wá rí i pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, tí wọ́n kàn ń dúró kí ẹ sọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì dá olúkúlùkù yín lóhùn.